Abẹ Ìsàlẹ̀ Agbọ̀n Òwú

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Bí kẹ̀kẹ́ bá kọjá lójú ọ̀nà, mo máa ń rò pé ìránṣẹ́ kọmandan, ọ̀gá àgbègbè wa, ló ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá sí bìró, ilé iṣẹ́ kọmandan, níhìn-ín ní Ṣàkẹ́tẹ́, kí n wá tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ìwé, kí ẹjọ́ apá ọmọ mi lè parí. Gbogbo ilé ọkọ mi ló ń yọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé irọ́ ni ìka yẹn fẹ́ jẹ́rìí sí, àti pé ọkùnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ẹ̀bá Pọ́bẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, láàárín oko ọ̀pẹ, ibẹ̀ sì ni ìyá mi wà títí di òní. Ọmọ Ṣàkẹ́tẹ́ ni ọkọ mi, ìmàle ni, aṣọ ló ń tà láàárín ibí àti Àjàṣẹ́ tí í ṣe olú ìlú wa, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la máa ń fojú kan ara wa. Irun ni èmi ń dì ní ojúde wa. Òwú, òòyà àti abẹ tí mo fi ń gé etí irun ni ohun èlò mi, inú agbọ̀n kan náà ni mo ń kó wọn sí. Ọdún kẹta tí mo délé ọkọ ni Ọlọ́run fi ìbejì obìnrin ta mí lọ́rẹ. Ẹ̀yin náà mọ bí ìbejì ti rí nílẹ̀ wa. Ohun tí a bá ṣe fún Táyé, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún Kẹ́hìndé. Bí mo bá ra ìlẹ̀kẹ̀ fún ọ̀kan, méjì ni mo rà. Bí ọ̀kan bá ṣẹ̀ tí mo sì nà án, màá fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn èkejì náà, kí inú má baà bí i. Láti ọjọ́ ìkómọ wọn ni ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé ìbejì tí a bá fi nǹkan dù kì í pẹ́ tí yóò fi bínú lọ, àti pé bí ọ̀kan bá lọ, èkejì kò ní fẹ́ dúró. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi rí.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí àsìá òmìnira kò tíì ṣá lórí òpó, ìròyìn kàn wá pé Olóde ti wọ àwọn abúlé kan tí kò jìnnà sí wa. Ẹ má jẹ́ kí n pe àìsàn náà lórúkọ, orúkọ rẹ̀ kò ṣe é pè nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjọba rán àwọn abupá sí wa, àwọn tó ń fi oògùn sí apá èèyàn kí Olóde má baà lè mú un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ ni olórí wọn. Ọmọ Gùn ni, ó gbọ́ èdè wa, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Abẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló tẹ́ tábìlì rẹ̀ sí. Yóò kán oògùn sí apá ọmọ, yóò fi irin ṣóńṣó kékeré kan họ ojú ibẹ̀, ó parí. Táyé nìkan ni mo mú lọ, nítorí Kẹ́hìndé wà ní Pọ́bẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo bẹ ọkùnrin náà kó bu díẹ̀ fún mi nínú oògùn náà de Kẹ́hìndé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò ṣe é gbé lọ sílé, kí n mú ọmọ náà wá bí àwọn bá tún padà. Nígbà tí Kẹ́hìndé fi máa dé, wọ́n ti lọ.

Apá Táyé wú díẹ̀, ó sì yọ ìléròrò kan tó kún fún omi, bí ọkùnrin náà ti sọ pé yóò rí. Àwọn ará àdúgbò ní oògùn ti mú un nìyẹn, Olóde kò lè rí i gbé ṣe mọ́. Kẹ́hìndé ń wo apá ọmọnìkejì rẹ̀, ó ń sunkún, ó ní tòun dà? Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ṣé kí n jókòó kí ó bínú sí mi ni, àbí kí Olóde wá mú un lójú mi? Lọ́dọ̀ tiwa ní Pọ́bẹ̀, ta ni kò mọ gbẹ́rẹ́ sín? Ìyá mi sín in fún mi, èmi náà sì ti sín in fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ilé dá, mo mú abẹ inú agbọ̀n òwú mi. Abẹ yẹn náà ni mo fi gé irun oníbàárà kan láàárọ̀, orí obìnrin náà sì ń ṣe egbò. N kò fọ̀ ọ́. Mo bẹ́ ìléròrò apá Táyé, mo sín gbẹ́rẹ́ mẹ́ta sí apá Kẹ́hìndé, mo sì fi omi apá ọ̀kan pa ojú gbẹ́rẹ́ èkejì. Táyé ló bá mi di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú. Nígbà tó parí, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Inú tèmi náà dùn, mo ní mo gbọ́n.

Ọgbọ́n ọjọ́ yẹn ló sọ mí di báyìí. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, apá Kẹ́hìndé ti wú dé èjìká, ó ń ṣọyún, ara rẹ̀ sì gbóná bí omi orí iná. Ilé ìwòsàn gbà á lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n ìgúnpá rẹ̀ ká, kò nà mọ́, ìka rẹ̀ mẹ́ta sì rọ. Ọkọ mi sáré dé láti Àjàṣẹ́. Ó bi mí pé ta ló ṣe ọmọ òun báyìí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ẹ̀rù bà mí, mo la ẹnu, mo ní àwọn abupá ni. Gbólóhùn kan péré! Mo rò pé inú yàrá yẹn ni yóò parí sí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan jẹ́ akọ̀wé ní Àjàṣẹ́, ó gbọ́ Faransé dáadáa. Ó ní ìjọba ti di tiwa báyìí, ó sì gbọ́dọ̀ san ẹ̀san ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bà jẹ́. Ó kọ ìwé, ó tún kọ òmíràn. Wọ́n wá bi àwọn ará àdúgbò léèrè, gbogbo wọn sì ní àwọn rí Ìyá Ìbejì pẹ̀lú ìbejì rẹ̀ lábẹ́ igi. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ń parọ́. Ta ló mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé? Ẹni tó bá rí ọ̀kan máa ń gbà pé òun rí méjèèjì ni. Ó wá ku Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀. Mo jókòó ti ọmọ mi, mo ń fi òwú kó irun rẹ̀, mo sì ń kọ́ ọ ní irọ́. Bí mo bá ti di ọ̀kan tán, màá ní kó tún un sọ: ọkùnrin abupá ló họ mí lápá. Kí n tó kó orí náà tán, ó ti mọ̀ ọ́n.

Kọmandan (bí a ti ṣì ń pe ọ̀gá àgbègbè nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ti lọ) pe gbogbo wa jọ. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, nítorí àwọn èèyàn ti ń kó ọmọ sá wọ igbó bí wọ́n bá gbọ́ pé abupá ń bọ̀. Ìjọba yóò san owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú. Ọkùnrin abupá yóò fọwọ́ sí i pé òun ṣàṣìṣe, iṣẹ́ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá gbà, kó lọ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́, kó sì mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí Kẹ́hìndé sọ tirẹ̀. Ó sọ ọ́ láì kọsẹ̀, gbogbo bìró sì ń mi orí. Ọkùnrin náà wá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo apá àwọn ọmọ náà. Ó wo ti Táyé, àpá róbótó kan ni. Ó wo ti Kẹ́hìndé, ìlà mẹ́ta gbọọrọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ̀. Ó ṣàlàyé ní Faransé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dá a lóhùn ní Faransé, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa, pé ilé ìwòsàn ló la egbò náà nígbà tó ń ṣọyún. Nígbà tí a ń jáde, ọkùnrin abupá náà bá mi lẹ́nu ọ̀nà, kò sì pariwo.

Ó ní, “Ìyá Ìbejì, èmi á fọwọ́ sí i, torí mo bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ bẹ̀rù?”

Mo kó àwọn ọmọ mi, mo kọrí sílé. Lójú ọ̀nà, Kẹ́hìndé fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára fa aṣọ mi, ó ní, “Màámi, ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?”

Ohun tí mo bẹ̀rù pọ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ mi yóò lé mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ yóò kù sí. Ìjọba lè sọ pé mo fẹ́ jà wọ́n lólè, kí wọ́n tì mí mọ́lé. Bí n kò bá sì jẹ́wọ́, wọ́n ní kí n tó tẹ ìka, màá fi ahọ́n kan irin, màá sì búra bí wọ́n ti ń búra nílé bàbá mi. Irin! Èmi tí irin ló bá mi ṣe é! Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ohun tí Ògún ń fi ojú ẹni tó bá parọ́ lórí irin rí. Bí mo bá dùbúlẹ̀ báyìí, n kì í sùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí nìkan ló gbé mi wá bá yín, Táyé ni. Láti ọjọ́ tí a ti bìró dé ló ti ń ká apá rẹ̀ mọ́ àyà bíi ti Kẹ́hìndé. Mo kọ́kọ́ pè é ní eré. Mo ní kó na apá náà, ó nà án. Mo yíjú, ó tún ti ká a. Ní àná, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo ń to òwú mi, ó wá dúró níwájú mi. Abẹ yẹn ló mú lọ́wọ́, èyí tí mo tẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ agbọ̀n láti ìgbà náà. Ó rọra gbé e lé mi nítan, ó sì na apá rẹ̀ tó dára sí mi.

“Màámi, ẹ ṣe tèmi náà. Ṣebí ẹ ní ohun tí ẹ bá ṣe fún Kẹ́hìndé, ẹ ó ṣe é fún èmi náà.”

Ọ̀túnla ni Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni Táyé ti bi mí láti òwúrọ̀ pé ìgbà wo ni màá ṣe tòun.