Bí Ọlọ́run Ṣe Yọ Mí Nínú Ọ̀rọ̀ Láísẹ́ǹsì Sáfà

Ẹ gbé ohùn sókè, ẹ bá mi kí Ọlọ́run! Ẹ tún kí i! Haa, mi ò tíì gbọ́ yín dáadáa. Ẹ kí Olúgbàlà tó gba iṣẹ́ mi àti orúkọ mi!

Ẹ̀yin ará, èmi ni Ìyá Táyọ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkìtìpupa níbí, èmi ni mò ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Tẹ́lẹ̀, inú káàdì la máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ìgbà tó yá, Dókítà tó ni ilé ìwòsàn ra kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà, wọ́n gbé e sí yàrá mi. Wọ́n fa wáyà láti ara rẹ̀ lọ sí yàrá Dókítà, lọ sí ibi tí a ti ń fúnni lóògùn, lọ sí ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà lásán ló wà láwọn ibẹ̀ yẹn, wọn ò ní ọpọlọ. Sáfà yàrá mi ló ń ronú fún gbogbo wọn.

Ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí ló di wàhálà. Kò sí nínú ọgbà wa. Yàrá kan ni Dókítà háyà lọ́wọ́ Àlàájì, onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé, tó ń ta pákó níwájú ilé rẹ̀.

Ọkùnrin kan dé láti Èkó, láti ilé iṣẹ́ tó ta sọ́fúwíà, ètò tí sáfà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, fún wa. Ó ní òun wá wo bí a ṣe ń lò ó. Mo gbé àga fún un, mo fún un lómi mu. Ó tẹ̀lé wáyà, ó ń tẹ̀lé e lọ, títí ó fi rí i pé ó wọ inú ilé Àlàájì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Màdáámù, ẹ ń fi sáfà yìí yá àwọn ẹlòmíì."

"Àwọn wo, sà? Ibi àyẹ̀wò wa nìyẹn."

"Pákó ni mo rí níbẹ̀. Láísẹ́ǹsì, àṣẹ ìlò tí ẹ rà, ti sáfà tó dá dúró fún oníṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Ẹ ti pín in sí wẹ́wẹ́ fún aráàlú. Olè nìyẹn."

Olè! Èmi!

Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, ó ti yọ kinní kékeré kan lẹ́yìn sáfà. Bíi kọ́kọ́rọ́ ni kinní yẹn, bí kò bá sí níbẹ̀, sọ́fúwíà ò ní ṣí. Ó fi sápò, ó lọ.

Ẹ gbọ́ o. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n gbé aboyún kan wá láti Erínjẹ, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà, ṣùgbọ́n kò rántí orúkọ rẹ̀. "Ó wà nínú kọ̀ǹpútà yín," ló ń sọ ṣáá.

Dókítà pariwo láti yàrá: "Ìyá Táyọ̀, abẹ́rẹ́ wo ni?"

"Sà, kò ṣí."

"Kò ṣí báwo?"

Kí ni kí n sọ? Wọn ò lè gún un lábẹ́rẹ́ kankan. Oògùn oníhóró ni wọ́n ń fún un díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ọpẹ́lọpẹ́ Jésù! Òun àti ọmọ inú rẹ̀ yè. Ṣùgbọ́n Dókítà pè mí síta.

"Ojú yín ni ọkùnrin yẹn ṣe mú kinní yẹn lọ. Ẹ wá a lọ. Bí kò bá padà, ẹ̀yin náà ẹ má padà."

Mo lọ sí Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ tó ta sọ́fúwíà náà. "Ọ̀gá ò sí." Mo tún lọ. "Ọ̀gá lọ síbi òkú." Mo pe Èkó lórí fóònù, kò wọlé. Ọ̀dá epo wà nígbà yẹn, ẹ rántí, ọkọ̀ ò sí, èyí tó sì wà, ẹ̀mí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ èèyàn. Mo dé ọ́fíìsì wọn ní Èkó, omidan tó wà nídìí tábìlì ò wojú mi. Ó ní, "Ẹ ra láísẹ́ǹsì fún ojú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan." Mo ní sáfà kan ni. Ó ní, "Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn." Mo padà sílé. Ọkọ mi bi mí pé, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé ẹ ò fi yá ẹnikẹ́ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ọkùnrin Èkó lọ.

Mo gbààwẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo ń bínú nínú ààwẹ̀ náà. Mo ní, "Olúwa, ṣé ẹ ń wò mí ni?" Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó sórí pákó Àlàájì, omijé ń bọ́ lójú mi. Ó jáde síta.

"Ìyá Táyọ̀, ta ló kú?"

Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Èmi ni wọ́n ní mò ń lo kọ̀ǹpútà? Èmi tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án? Ẹ lọ múra. Èmi gan-an ni màá lọ sọ fún wọn."

Bàbá àgbàlagbà yìí wọkọ̀ dé Èkó nítorí mi! Ọlọ́run, ẹ ṣé o! Omidan ọjọ́sí ní ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Àlàájì ní, "A ò lọ. A ti gbé púpurú wa dání." Ó tú oúnjẹ náà sórí tábìlì lóòótọ́. Ariwo sọ. Ìyá kan jáde láti yàrá inú, òun ni ọ̀gá wọn. Ó gbọ́ tẹnu mi, ó wá kọjú sí Àlàájì.

"Bàbá, ta ló ń sanwó oṣù àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé yín?"

"Dókítà ni. Owó yàrá nìkan ni mò ń gbà."

"Bí wọ́n bá pa sáfà yẹn, iṣẹ́ yín á dúró?"

"Pákó mi? Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń la pákó ni?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Oríṣi sáfà méjì ni mo kọ́ ọ. Èyí tó jẹ́ ti ẹnìkan látòkè délẹ̀, iye ojú tó bá wù ú ni kó so mọ́ ọn, láísẹ́ǹsì kan ni. Èyí tí wọ́n pín nínú bí ilé ayálégbé, tí ìpín kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí ẹni pé sáfà lòun náà, tí onírúurú èèyàn sì ń lò ó, ìpín kọ̀ọ̀kan ló máa ní tirẹ̀. Èwo ni tàwọn yìí?"

Ó ní, "Ti àkọ́kọ́, mà."

"Ṣé o béèrè kí o tó pè wọ́n lólè?"

Ọkùnrin náà yọ kinní kékeré yẹn nínú dúrọ́ọ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Halelúyà! Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mi ò mọ̀ pé mo ṣe é!

Sọ́fúwíà ti ṣí. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Dókítà ò bẹ̀ mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ lórí pẹpẹ. "Ó dáa" ni wọ́n sọ. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti sọ tirẹ̀, mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Ìwọ tí wọ́n ń pè ní ohun tí o kì í ṣe, má sá lọ. Tún lọ kanlẹ̀kùn yẹn. Bínú bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n máa lọ. Ọlọ́run lè rán ẹni tí o ò retí sí ọ. Àlàájì tẹ̀lé mi wá lónìí. Wọ́n ní àwọn ò ní wọlé, wọ́n wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, wọ́n ń gbọ́ wa. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí wọn fún mi.