Rákà Méjì Tó Kù

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ pé síwájú mi, kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá gbogbo yín gbélé. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ má kúrò lórí Ànọ́bì wa àti àwọn ará ilé rẹ̀. Mo rí ẹ̀yin míì tẹ́ ẹ ò tilẹ̀ wọlé, tẹ́ ẹ jókòó sórí ọ̀kadà yín lábẹ́ igi dóńgóyárò yẹn, pẹ̀lú àpótí ńlá lẹ́yìn. Ṣé ẹ ń gbọ́ wa níbẹ̀ yẹn? Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí lónìí, ẹ má tíì lọ.

Àmánà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí wọ́n bá fi sí ẹ lọ́wọ́ pé kó o gbé fún lágbájá, ọwọ́ lágbájá ni kó bọ́ sí. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà lágbájá. Kì í ṣe ọwọ́ ará ilé kejì. Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa nínú Àlùkùránì pé ká dá àmánà padà fún ẹni tó ni ín. Ṣé ó ní ká dá a padà fún ẹni tó bá ṣáà wà nítòsí? Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù kiri yìí ló bi mí lẹ́yìn Jímọ̀ pé, "Àáfà, bí ẹni tó ni ẹrù ò bá tètè jáde ńkọ́, tí ẹrù náà sì jẹ́ nǹkan olówó iyebíye? Nígbà wo ni mo lè fi í sílẹ̀ kí n máa lọ, láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i?" Mo ní kó dúró de wáàsí. Ó wà níbí, mo rí i. Má wulẹ̀ wo ẹ̀yìn, ọmọ mi, o mọ ara ẹ. Ìtàn ni màá fi dá ẹ lóhùn.

Ẹ má bi mí ní ìlú tó ti ṣẹlẹ̀, torí mi ò fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Mo ti pààrọ̀ orúkọ wọn pẹ̀lú. Àmọ́ mo wà níbẹ̀, èmi ni wọ́n pè pé kí n wá so yìgì.

Opó kan wà, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Mutíátù. Fìlà ló ń fi abẹ́rẹ́ rán, fìlà tí àwọn àáfà ńlá ń dé. Mutíátù nìkan ni Ọlọ́hun fi ta á lọ́rẹ. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àmúsá fẹ́ Mutíátù, ọmọ ìlú náà ni, àmọ́ ọ̀nà jíjìn ló ti ń ṣiṣẹ́, lápá ibi tí wọ́n ti ń wa epo. Ẹ̀gbà ọrùn góòlù ló rà fún sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó níbi yìgì. Àṣà ìlú yẹn ni pé sàdáàkì á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó. Òun ni yóò tọ́jú ẹ̀ tí yóò fi di ọjọ́ yìgì, òun ni yóò tú u lára aṣọ ẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn kí àáfà tó gbé e sókè. Ìyá tí kò bá rí nǹkan tú lọ́jọ́ náà, ojú ti tì í nìyẹn. Àmúsá fi góòlù náà ránṣẹ́ ṣáájú, ó gbé e fún ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù.

Ọ̀sán Àlàmísì ni ọlọ́kadà tó gbé e wá dé. Wàhábì lorúkọ ẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ ilé kéwú. Ó kan ilẹ̀kùn. "Ẹ kú ilé o. Ẹrù yín ti dé."

Ohun tó gbọ́ látinú ilé ni àtẹ́wọ́. Pá. Pá.

Ẹ̀yin ìyá, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀? Ẹ ṣeun. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin lórí ìrun, yóò ní Súbúhánálláhì. Tí obìnrin bá ni, yóò pàtẹ́wọ́. Ó ń sọ pé, mo ti gbọ́ ẹ, iwájú Ọlọ́hun ni mo wà, ṣe sùúrù fún mi. Ìyá Mutíátù wà lórí ìrun Alásàrí. Wàhábì sì mọ̀. Kó má tàn yín pé kò mọ̀.

Àmọ́ ó wo oòrùn, ó rántí àwọn ẹrù tó kù nínú àpótí ẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí Àlàájà Sàúdátù lórí pẹpẹ iwájú ilé tiẹ̀, ilé tó fara ti ti Ìyá Mutíátù, tí wọ́n jọ ń lo ògiri kan náà. Àlàájà ń fa tẹ̀sùbáà. Ó ní, "Gbé e wá, ọmọ mi. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ àsàlátù, ọmọ ẹ̀ ọmọ mi ni. Tó bá ti sálámà tán, màá fún un."

Ilé iṣẹ́ Wàhábì sọ ọ́ fún un gbangba pé ẹrù olówó ńlá, ẹni tó ni ín ni kó fi ìka kọ orúkọ sójú fóònù. Ta ló kọ ọ́? Wàhábì fúnra ẹ̀. Ìka tó ń nà bó bá jókòó ṣe àtáyà, tó fi ń jẹ́rìí pé Ọlọ́hun kan ṣoṣo ló wà, ìka yẹn náà ló fi kọ "Ìyá Mutíátù" sójú fóònù. Ó ṣáná sí ọ̀kadà, ó lọ.

Kò pẹ́ ni Ìyá Mutíátù jáde, ìbòrí ìrun ṣì wà lórí ẹ̀. Ó ní, "Àlàájà, ẹ ò rí ẹni tó kanlẹ̀kùn mi?"

Àlàájà ní, "Ọlọ́kadà kan ni. Ó jọ pé ó ṣi ilé wá. Ó ti lọ."

Ẹ wo bí irọ́ náà ṣe kéré tó. Ẹni tá a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Nígbà tí Àmúsá pè láti béèrè, Ìyá Mutíátù ní ẹrù ò tíì dé. Àmúsá pe ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ní ó ti dé, ìyá fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Wọ́n fi àwòrán ìfọwọ́sí náà ránṣẹ́ sí i. Àmúsá náà fi í ránṣẹ́ sí ìyá tiẹ̀.

Ìyá Àmúsá dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kò pariwo, ìyẹn ló tún burú. Ó ní, "Màámi, bẹ́ ẹ bá ti tà á, ẹ sọ fún wa. Ohun tójú ń rí, a mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ má purọ́ fún ọmọ mi." Obìnrin tó jẹ́ pé bí òwú bá ṣẹ́ kù lára fìlà tó rán fún ẹ, yóò dá a padà fún ẹ, òun ni wọ́n ń pè ní olè nínú ilé ara ẹ̀.

Ta ló bá a sunkún? Àlàájà Sàúdátù. Ta ló bá a gbọn ẹní, tó bá a wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Òun náà ni. Nígbà tí Ìyá Mutíátù tẹ́wọ́ tó ń bẹ Ọlọ́hun pé kó tú ẹni tó gbé góòlù náà fó, Àlàájà jókòó tì í, ó ń ṣe àmín. Inú mi ń bà jẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ti rí olè rí. Olè tó ń ṣàmín, n ò rí irú ẹ̀ rí.

Ọjọ́ yìgì pé. Àwọn ẹbí Àmúsá ní àwọn ò ní jókòó àfi kí ìyá ìyàwó kọ́kọ́ fi Àlùkùránì búra. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ẹni tó gbé ẹrù náà wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá Àmúsá pè é. Níbi tá a ti ń dúró dè é, wọ́n ń wá Àlùkùránì tí wọ́n máa lò. Àlàájà dìde. Ó ní, "Tèmi wà nílé." Ó lọ gbé e wá, ó fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹní gbé ọmọ tuntun.

Ìgbà yẹn ni Wàhábì wọlé. Ó ṣí akoto lórí, ó kí wa. Mo ní, "Ọmọ mi, nínú àwọn ìyá tó wà níbí, ta lo gbé ẹrù fún?"

Kò tiẹ̀ rò ó. Ó ní, "Màámà yìí ni, àwọn tó gbé Àlùkùránì dání."

Mo ní, "Ṣé àwọn ló fọwọ́ sí i?"

Ojú Wàhábì wálẹ̀. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i, Àáfà."

Mo rò pé Ìyá Mutíátù máa kọjú sí Àlàájà ni. Kò wò ó. Wàhábì ló wò.

"Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ àtẹ́wọ́ mi?"

"Mo gbọ́, mà."

"O mọ ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Rákà mẹ́rin ni mò ń kí. Mo ti kí méjì kó o tó dé. Méjì péré ló kù. O ò wá lè dúró de rákà méjì."

Wàhábì kúnlẹ̀, ó ń sunkún. A gba Àlùkùránì lọ́wọ́ Àlàájà. Ó wọ ilé lọ, ó gbé góòlù náà jáde. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni, ìgbà tóun rí bó ṣe ń dán, òun ò mọ ohun tó wọ òun. Ìyá Mutíátù wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjú sí i. Ó ní, "Àlàájà, nígbà tí mò ń gbàdúà, àmín tiyín ló ròkè jù."

Ẹ̀yin rò pé ó ti parí? Ìyá Àmúsá náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́hun ti bá wa yọ ọ́, Àáfà, ẹ so yìgì fún wa." Gbogbo èèyàn ń ṣọpẹ́. Mo bi Mutíátù bí òfin ṣe ní ká bi ọmọbìnrin, níwájú àbúrò bàbá ẹ̀ tó jẹ́ wálíì ẹ̀, ẹni tó máa fi í fọ́kọ, pé ṣé ó fẹ́ Àmúsá pẹ̀lú sàdáàkì yìí.

Mutíátù ní, "Ẹ dá góòlù náà padà fún ẹni tó ni ín."

Àmúsá ní, "Mutíátù, jọ̀ọ́. Ohun tí fóònù sọ ni mo gbà."

"Fóònù ní ìyá mi gbà á. Ìyá mi ní òun ò gbà á. O mọ ìyá mi láti kékeré, Àmúsá. Ọjọ́ wo lo mọ fóònù yẹn?"

Mo dá góòlù padà. Mo gbé tírà mi, mo lọ sílé. Mi ò so yìgì kankan lọ́jọ́ náà.

Àwọn obìnrin méjèèjì ṣì jọ ń lo ògiri yẹn títí di òní. Bí Àlàájà bá ṣe sálámà sí i, Ìyá Mutíátù ń dáhùn, torí pé dandan ni ìdáhùn sálámà. Kì í fi nǹkan kan kún un. Bó bá sì fẹ́ kírun báyìí, ó máa ń ti ilẹ̀kùn ni. Bí ẹnikẹ́ni bá kàn án, kì í pàtẹ́wọ́ mọ́. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ òun ò gbé e mọ́.

Ó yá, ìwọ ọmọ mi tó bi mí léèrè. Ìgbà tí ẹni tó ni ẹrù bá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún ẹ pé, gbé e fún lágbájá, ìgbà yẹn lo lè gbé e fún lágbájá, kí lágbájá sì fọwọ́ sí i ní orúkọ ara ẹ̀. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, dúró. Bí o ò bá lè dúró, gbé e padà síbi tó o ti gbà á. Ẹrù tó padà síbi tó ti wá ò tíì sọ nù. Má sì fi ìka rẹ kọ orúkọ ẹlòmíràn láéláé, torí lọ́jọ́ Àlùkìyámà, ìka náà yóò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá aládùúgbò gba ẹrù ńkọ́? Ànọ́bì ti sọ fún wa pé ẹni tí wọ́n fọkàn tán tó dalẹ̀, àmì mùnáfíkì wà lára ẹ̀, ìbáà fa tẹ̀sùbáà tó gùn dé ilẹ̀. Ẹ̀yin àna náà, kẹ́ ẹ tó pe ọmọlúàbí lólè, ẹ rántí iye ọdún tẹ́ ẹ ti fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ tẹ́wọ́. Ọlọ́hun Ọba, ohun tó o fi sí wa lọ́wọ́, má jẹ́ kó bà jẹ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn tá a fọkàn tán, má jẹ́ kí wọ́n dà wá. Àwọn tó fọkàn tán wa, má jẹ́ ká dà wọ́n. Ẹni tí wọ́n ti dà nínú wa, bá wa wo ọkàn ẹ̀ sàn, kó lè tún ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ìkánjú bá dé bá wa lẹ́nu ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni, fún wa ní sùúrù rákà méjì tó kù.

Ẹ ṣe àmín. Kí kálukú sì gbọ́ àmín tiẹ̀ dáadáa kó tó ṣe é.