Ṣóńṣó Abẹ́rẹ́ Tó Wà Lójú Ìwé Mi

Bí mo bá tún pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ di ọ̀la, màá tún rí àwáwí tí màá fi pa á mọ́ di ọ̀tunla. Nítorí náà, kí n tó yí èrò padà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe Jẹ́jẹ́ tí a jọ kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí mo jáde yunifásítì tí iṣẹ́ ò yọjú, mo lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Àwọn èèyàn rò pé ìṣẹ́ ló lé mi débẹ̀, irọ́ ni. Ohun tó bá díjú ló máa ń wù mí, aṣọ rírán sì díjú ju gbogbo ìṣirò tí mo ṣe nílé ìwé lọ. Èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ wa kọjú síra wọn. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́ ló ṣe ń ṣe ohun gbogbo. Èmi ni wọ́n ń pè ní Alákọ̀wé. Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í pariwo, a máa ní, "Alákọ̀wé, rọra o. Abẹ́rẹ́ ò mọ̀wé." Òfin kan wà tí kì í fi ṣeré: bí abẹ́rẹ́ bá kán, dá ẹ̀rọ dúró, wá gbogbo èérún rẹ̀, fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ìwé rẹ nínú ìwé abẹ́rẹ́ títí yóò fi pé pérépéré. Bí kò bá pé, aṣọ náà kò gbọdọ̀ jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n rán gáùn olókùn léjìká fún ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́rin tí à ń pè ní Ìyá Àgbà nítorí ẹnu rẹ̀. Aṣọ kékeré, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní nǹkan. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwú rọ́bà rán ìbàdí aṣọ kó lè máa fà kó máa súnkì. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán okùn tóóró, kí wọ́n tó fa inú rẹ̀ bọ́ síta. Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni aṣọ inú, èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ gáùn: wàá fi okùn èjìká há àárín aṣọ méjèèjì, wàá rán an yípo, gbogbo rẹ̀ yóò dà bíi pé o ti bà á jẹ́, bí o bá wá yí i síta, okùn á fò yọ, ojú ìrán kankan kò ní hàn mọ́. Lójú mi, idán ni. Mo ń kánjú kí n rí i kó yọ lọ́wọ́ tèmi. Lábẹ́ abíyá, níbi tí aṣọ ti nípọn, Ọ̀gá ti ní kí n máa fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tá! Abẹ́rẹ́ kán.

Mo rí ìdí rẹ̀, n kò rí ṣóńṣó. Mo wo ilẹ̀, mo wo tábìlì, mo gbọn ṣòkòtò mi. Ibì kan ṣoṣo tí n kò wò ni inú ojú ìrán, nítorí pé mo gbọ́dọ̀ tú u kí n tó lè wò ó, ẹ̀gbọ́n mi sì ti wà lọ́nà. Abẹ́rẹ́ Jẹ́jẹ́ náà ti kán láàárọ̀ níbi tó ti ń rán kọ́tìnì. Ó ti lẹ̀ ẹ́ pé, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò tíì wò ó, nítorí kọ́tìnì náà kò tíì fẹ́ jáde. Jẹ́jẹ́ ti lọ ra bọ́tìnnì. Mo fi èékánná ṣí sẹ́lótéèpù rẹ̀, mo yọ ṣóńṣó tirẹ̀, mo tò ó mọ́ tèmi. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́: inú mi dùn pé wọ́n bá ara mu. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Ó pé. O káre."

Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Àgbà dúró síwájú mi, ó fọwọ́ di abíyá mú. "Ọ́ńkù, aṣọ yìí ní eyín o."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ẹnu! Aṣọ tuntun ni, á rọ̀."

Mo gba gáùn náà bíi pé mo fẹ́ tún okùn rẹ̀ ṣe, mo tú abẹ́ abíyá. Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, àfi ihò kékeré kan lára aṣọ inú. Mo mọ ibi tó gbà lọ. Mo sì rán an padà. Mo tiẹ̀ rán an dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì ara ọmọ gbóná, abíyá rẹ̀ wú, kò lè gbé apá. Dókítà bi wá pé, "Ṣé nǹkan kan gún un ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá o, eéwo ni mo pè é." Dókítà wá kọjú sí mi. Mo mi orí pé rárá. Ọmọ náà ń wò mí. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń wo eéwo tí kò sí níbẹ̀, tí mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀. Bí bàtà nọ́ọ̀sì bá ti dún, màá yíjú sẹ́nu ọ̀nà, n kò sì mọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù, pé kí ọmọ kú ni tàbí pé kí wọ́n mọ̀. Ọlọ́run ló mọ irú ọkàn tí ń wọn méjèèjì síra. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ya fọ́tò inú ara rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, tín-ín-rín, funfun, ó ti ń rìn lọ síbi ìhà. Wọ́n là á, wọ́n yọ ọ́. Ọmọ yè.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ṣóńṣó náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá ṣí ìwé abẹ́rẹ́ lójú rẹ̀. Tèmi pé. Ti Jẹ́jẹ́ kò ní ṣóńṣó. "Ẹ̀rọ yín kọjú síra!" ni Ọ̀gá wí fún Jẹ́jẹ́. "Tìẹ ló fò bọ́ sínú aṣọ ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ọ̀gá, mo lẹ̀ ẹ́. Ojú mi yìí ni mo fi rí i." Jẹ́jẹ́ yíjú sí mi. "Alákọ̀wé, ẹ ṣáà wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo ní, "Mi ò kíyè sí i."

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù. Ó kó sísà rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i níbi tó ti ń gbálẹ̀ iwájú ilé ìtajà kan. Mo fẹ́ yà, ó ti rí mi. "Alákọ̀wé! Ìyá Àgbà ńkọ́? Ṣé apá rẹ̀ ti le?" Mo ní ó ti le. Mo bi í pé kí ló dé tí kò rán aṣọ mọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí ni. Mo rò pé mo lẹ̀ ẹ́, àṣé mi ò lẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ojú ẹ̀ ń tàn jẹ báyẹn, ó yẹ kó jìnnà sí aṣọ ọmọdé."

Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀gá mi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí. Ẹ ṣe mí bó ṣe tọ́ lójú yín. Ẹ̀rù yín ń bà mí, n kò sì ní sá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bá kà á, ìtìjú ọjọ́ kan ni ì bá ná mi. Mo fi odindi ènìyàn rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni tó dárí jì mí, ẹ wá Jẹ́jẹ́ lọ sí iwájú ilé ìtajà yẹn, kẹ́ ẹ ka èyí sí i létí: Jẹ́jẹ́, ojú rẹ kò tàn ọ́ jẹ. O lẹ̀ ẹ́. Mo rí i.