Ẹ Má Fi Orúkọ Mi Pe Géètì Yẹn

Sùlíyá, ìyàwó mi, kú lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Tíṣà Job, ọkọ Ìbídùn, kú lọ́jọ́ Sátidé tí ìjì jà, nínú oṣù kẹta ọdún yìí. Ikú àkọ́kọ́, Ọlọ́run ló mú un wá. Ikú kejì, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn kí n tó kí ẹnikẹ́ni, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí yín, ẹ ó pàtẹ́wọ́, bí ẹ bá sì ti pàtẹ́wọ́, ẹnu mi ó wúwo.

Alága ìjókòó, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runníyì, tí ẹ máa jókòó sórí àga mi lẹ́yìn òní, mo kí yín. Ìmáàmù wa, mo kí yín. Pásítọ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé, ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti Onígbòǹgbò àti Maryland wá bá wa jókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Oyèníkẹ́, akọ̀wé wa, tó ń kọ ohun tí mò ń sọ sílẹ̀, ọmọ mi, mo kí ọ. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má fi òróró pa á lára. N ò lọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, mo máa ń mọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọ̀dọ́ ni mí nígbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Agége. Ilé iṣẹ́ àwo tánganran ni mo ti ṣiṣẹ́, nídìí ìléru, títí irun apá mi fi jó tán tí kò hù mọ́. Sùlíyá ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún àwa òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń gbé ilẹ̀ yìí nígbà tí a kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tí ilé pọ̀, ẹ ní kí n ṣe alága. Mo ní n ò mọ̀wé. Ẹ ní ohùn mi le, ó tó. Òótọ́ ni. Ohùn mi le. Ohun tí ẹ tìtorí ẹ̀ yàn mí náà ló bà mí jẹ́.

Ẹ̀yin àlejò lè má mọ̀, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Òpópónà méjì ni àdúgbò wa. Àwa tiwa, ọ̀pọ̀ wa ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, oníṣẹ́ ọwọ́, a ń kírun. Àwọn ti òdì kejì wá láti Èkìtì àti Oǹdó, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí olè pọ̀, a ṣe géètì sáàárín. Síkírù wẹ́dà ló ṣe é, ó ga, ó sì fi irin ṣóńṣó sí orí rẹ̀. Ó fọ́nnu pé, "Baba, ajagun ò lè já eléyìí!" Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà mo ń ṣí i, lẹ́yìn ìrun ìṣáì mo ń tì í.

Ìgbà tí Sùlíyá kú, ọ̀sán kò tíì pọ́n. Lọ́dọ̀ wa, òkú kì í sùn nílé. Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ ti bò ó. Mo jókòó sórí ẹní, àwọn èèyàn wá ń kí mi. Ẹ̀yin ará òdì kejì, n ò rí ọ̀kankan yín. A ṣe fídáù, n ò rí yín. Lẹ́yìn tí ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, Tíṣà Job wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó wọ táì, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó kí mi dáadáa. Ó jókòó. Ó wá ní, "Baba, ẹ kú àmúmọ́ra. Ìgbà wo lẹ fi ìsìnkú Ìyá sí?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Obìnrin tó ti wà nínú ilẹ̀! Mo ní, "Oúnjẹ ìsìnkú lẹ wá bèèrè, àbí? Kò sí. Ẹ jáde." Ìbídùn ló fà á lápá: "Bàbá Démiládé, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n ò ṣí géètì mọ́.

Ìmáàmù, ẹ wá bá mi. Ẹ ní, "Alága, aládùúgbò ẹni ni ọmọ ìyá ẹni." Mo ní kí ẹ bá ọmọ ìyá yín sọ ọ́. Ẹ padà lọ. Ẹ̀yin tó kù, ẹ̀ ń wí pé, "Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe Baba, ẹ fi í sílẹ̀." Àwọn ọmọ òdì kejì ń gba ojú títì iwájú tiwọn yí ká kí wọ́n tó dé ilé ìwé, ẹ̀ ń wò wọ́n, ẹ̀ ń wí pé ọ̀fọ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀fọ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi rí wọn kedere. Inú mi ń dùn pé wọ́n ń yí ká.

Ìjì wá dé. Ta ni nínú yín ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn ẹ̀ fún? Ojú ọ̀run dúdú láti apá Agége, afẹ́fẹ́ ṣí òrùlé bí ẹni ṣí ìkòkò, páànù ń fò lọ sí ọgbà àwọn ilé iṣẹ́. Nígbà tó rọlẹ̀, òpó iná ti dùbúlẹ̀ sí iwájú òdì kejì, wáyà wà nínú omi, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Tíṣà Job ti jáde lọ ti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀. Ògiri wó lù ú ní àyà.

Síkírù ló wá gbá ilẹ̀kùn mi.

"Baba! Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ géètì!"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ògiri wó lu Tíṣà. Mukhtar awakọ̀ ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ tiwa, ó ń dúró."

"Kí wọ́n gba iwájú."

"Iwájú kẹ̀? Baba, iná wà nínú omi níbẹ̀!"

Mo ní, "Nígbà tí ìyàwó mi kú, iwájú ni wọ́n gbà wá kí mi ni, àbí ẹ̀yìn?"

Ó ní, "Baba, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni? Èèyàn ń kú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Jẹ́ n kírun làásárì ná."

Síkírù ní, "Ẹ bọ́ ọ lọ́rùn fún mi, kí ẹ máa kírun yín lọ!" Mo kọjú sí gábàsì, mo gbé ọwọ́ sókè. Ta ni yóò fa ẹni tó ń kírun láṣọ? Mo mọ̀ pé kò lè fà mí. Mo sì fa ìrun náà gùn. Ẹ bi àwọn tó ń tò sẹ́yìn ní mọ́ṣáláṣí bóyá mo máa ń fa ìrun gùn. N kì í fà á gùn. Lọ́jọ́ yẹn mo tẹ orí balẹ̀, mo sì fi í síbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run dí ẹnu ọmọ ọlọ́mọ. N ò tíì rí ẹ̀ṣẹ̀ tó rùn tó yẹn láyé mi, èmi ni mo dá a, orí ẹní ìrun ni mo ti dá a.

Síkírù sáré lọ gé irin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó. Kò sí iná ní ẹ̀gbẹ́ tiwa láti ìgbà tí òpó ti wó, ẹ̀rọ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òòlù lu géètì, gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn. Mo jókòó, mo ń ka tẹ̀súbà.

Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ tí mo ṣí i, orí ilẹ̀kùn kan tí ìjì já ni wọ́n tẹ́ Tíṣà sí, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ Ìbídùn. Ẹnu Tíṣà funfun fún eruku símẹ́ńtì. Ó rí mi. Mo rò pé yóò gégùn-ún fún mi. Ó ní, "Alága, ẹ kú ọ̀fọ̀ Ìyá. A ò tètè mọ̀."

Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìkẹjà, ó ti kú.

Ilẹ̀ mọ́, mo kó àwọn ọkùnrin lẹ́yìn, a mú ṣọ́bìrì, a lọ sí ilé rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, aládùúgbò ló ń gbẹ́ ilẹ̀. A ò bá òkú. Wọ́n ti gbé e lọ sí mọ́ṣúárì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti Èkìtì dé jáde sí wa. Mo la ẹnu mi, mo bi í pé, "Ìgbà wo lẹ fi ìsìnkú sí?"

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Ìgbà yẹn ló yé mi. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n máa ń tọ́jú òkú, wọ́n á fi ọjọ́ sí i, wọ́n á ránṣẹ́ pe aládùúgbò, aládùúgbò á sì dúró kí wọ́n pe òun. Wọ́n ti ń dúró kí n pè wọ́n. Títí tí wọ́n fi dúró sú, tí Job ní kí òun kúkú lọ bèèrè. Ẹ̀gbọ́n Job ò lé mi. Ó ní, "Yóò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Baba, a ó ránṣẹ́ sí yín." Ó gbé àga fún mi. Ṣé ẹ mọ bí àga ṣe ń jó èèyàn nídìí? Èmi mọ̀ ọ́n. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ tún àdúgbò yìí ṣe, kì í ṣe èmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé òpó kúrò nínú omi lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iná, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ da ìkòkò pọ̀ tí ẹ ń sè fún òpópónà méjèèjì, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iná àrò yín kú. Àwọn tí òrùlé wọn ti ṣí ń sùn ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ láàárọ̀, Ìmáàmù ò sọ̀rọ̀. Mo jókòó lójú fèrèsé, mo ń wo Pásítọ̀ lókè ilé opó kan, ó ń kan tapólì mọ́ igi, Ìmáàmù di àkàbà mú nísàlẹ̀, ó ń pariwo: "Pásítọ̀, ẹ rọra o! Bí ẹ bá jábọ́, wọ́n á ní Mùsùlùmí ló tì yín!" Gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú tì mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Kọ́kọ́rọ́ ọjà wà lọ́rùn mi.

Ẹ wá ń sọ fún mi pé ẹ fẹ́ tún géètì kọ́, kí ẹ pè é ní Géètì Dàwódù. Síkírù fi irin tó gé orúkọ mi sí hàn mí. Síkírù, o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, o tún gé orúkọ mi sí irin? Mo mọ̀, wọ́n rán ọ ni. Ẹ má fi orúkọ mi pe géètì yẹn. Ẹ má tilẹ̀ ṣe géètì síbẹ̀ mọ́. Bí olè bá dé, ẹ jọ máa lé e.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin àgbà ti ṣètò pé kí ẹ mú Ìbídùn wá síbí lónìí, kí ẹ fi í jókòó níwájú, kí èmi arúgbó yìí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kí ó sáré fà mí dìde, kí ẹ pàtẹ́wọ́, kí a jẹun. Mo ní kí ẹ má pè é. Ta ni nínú yín tó rí ọmọbìnrin tí irú mi dọ̀bálẹ̀ fún lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, tó ní òun ò gbà? Kò lè kọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè kọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣètò ẹ̀. Mo ti dí i lọ́nà lẹ́ẹ̀kan. N ò ní fi irun funfun dí i lọ́nà lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Mò ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọlọ́run kó fi àlàáfíà sí ilé yín. Ìjì kò ní ká yín mọ́ta. Bí òjò bá rọ̀, kí ó rọ̀ sí oko yín, kó má rọ̀ sí ibùsùn yín. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn yín nínú ìṣòro, Ọlọ́run kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yá ju tèmi lọ. Ẹ ṣé tí ẹ fara dà mí títí di òní.

Moyọ̀sọ́lá, àkọ́bí mi, dìde kí wọ́n rí ọ. Ìwọ lo máa gbé ilé yìí lẹ́yìn mi. Má mú àgbà lọ bá Ìbídùn. Má gbé ẹ̀bùn lọ. Má bẹ̀ ẹ́ nítorí mi. Kí i láàárọ̀, kí i lálẹ́. Bó bá dá ọ lóhùn, ó dáa. Bí kò bá dá ọ lóhùn, tún kí i lọ́jọ́ kejì. Bó bá bú mi, dúró, gbọ́ ọ tán. Bí ó bá sì di ọjọ́ tí wọ́n máa tẹ́ èmi náà sílẹ̀, tí ẹnì kan bá fẹ́ sọ lórí òkú mi pé ó ti dárí jì mí, tí kò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, ìwọ ni kí o dìde, kí o ní irọ́ ni.