Inú Àpótí Tí Mo Fọwọ́ Mi Ṣe Ni Ariwo Náà Ti Wá

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Mo máa gbé gìtá báàsì mi kọ́rùn, mo máa dúró sí àyè mi láàárín àwọn akọrin, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á sì dákẹ́ rọ́rọ́ fún àdúrà. Kò sí ariwo kankan nínú sípíkà mọ́. Àwọn èèyàn á máa wo ara wọn, wọ́n á mirí, wọ́n á ní ẹ ò rí i pé Délé ló ń fa gbogbo wàhálà yẹn. Délé ni ọkùnrin tó ń bójú tó sípíkà àti màíkì wa tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, orí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá ló ń jókòó sí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ní kó wà títí ìbáwí rẹ̀ á fi parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, Délé ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà ọkọ mi ò mọ̀.

Ọ̀bà-Ilé ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ń ṣe ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń gbé fáìlì láti orí tábìlì kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo kà ní pólì, ọwọ́ mi kì í sì í gbé jẹ́ẹ́. Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ta báàsì ní ìjọ wa. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní ṣé kò sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí mo lè mú ni. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ta á kí wọ́n tó gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Bóyá òun ló kó bá mi.

Ẹ̀rọ kan wà tí àwa onígìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀, kò ju páálí bisikíìtì lọ. Ó máa ń jẹ́ kí ohùn gìtá dún lọ gbọọrọ, bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá tó ṣófo la ti ń ta á. Mo ní èmi náà á ṣe tèmi. Mo wo bí wọ́n ṣe ń tò ó lórí fóònù, mo kó nǹkan inú rẹ̀ jọ, mo sì jókòó sí pálọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń jó wáyà mọ́ wáyà. Nígbà tó dún, mo fò sókè bí ọmọdé. Mo wá mú ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nígbà tí a kun irin ojú fèrèsé wa, mo fi kun àpótí irin tí mo kó o sí. Mo kùn ún níta, mo kùn ún nínú, ẹ̀ẹ̀mejì méjèèjì, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i kó wá rí ìpẹtà. Ọkọ mi ní, “Ẹnjiníà, ó ti dà bí abọ́ ẹ̀bà.” A jọ rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé ọ̀dà yẹn ló máa dójú tì mí?

Oǹdó ni mo ti kọ́kọ́ gbé e jáde, níbi ìpàdé ọdọọdún ní olú ìjọ wa. Orin lọ dáadáa. Ìgbà tí Bàbá Olórí Ìjọ gba màíkì, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún àdúrà, ni mo gbọ́ ọ: hùùùù. Ó ń kùn lọ láìdáwọ́ dúró, bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ mi ń fà á gùn, ó ń sọ ọ́ di ńlá. Bàbá dákẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dákẹ́. Délé, tó bá wa lọ bójú tó ẹ̀rọ, ń sáré kiri, ó ń yọ wáyà, ó ń ki òmíràn bọ̀ ọ́, òógùn bò ó. Èmi kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé okùn gìtá, ariwo náà sì rọlẹ̀. Mo gbé e kúrò, ó padà. Mo tún gbé e lé e. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn ń sọ: àlébù wà lọ́dọ̀ ẹni tó gbé gìtá dání. Èmi nìyẹn. Olórí akọrin wa, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, fẹnu sún mọ́ etí mi, wọ́n ní, “Ẹnjiníà, ṣé ọ̀dọ̀ tìẹ ni?” Mo ní, “Rárá sà, ẹ bi Délé.” Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde kí n tó rò ó.

Nígbà tí a padà dé Àkúrẹ́, wọ́n ní kí a gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ariwo náà. Mo gbà á pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n pè mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Mo ní àwọn wáyà Délé ti ń gbó. Òótọ́ ni, wọ́n ti ń gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ohun tí wọ́n bi mí nìyẹn? Olórí akọrin ní, “Uṣẹ́ yìí ti ju agbára rẹ̀ lọ.” Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú mi. Àwọn tó sì máa ń pè é wá fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ níbi ìkómọ àti ìsìnkú wọn kò pè é mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó ti àpótí náà lọ́sàn-án gangan. Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo fi bátìrì sí i, ó ṣì ń kùn. Mo pa fáànù, mo pa gílóòbù, ó ń kùn. Mo pààrọ̀ wáyà gìtá, pàbó. Mo wá ṣí i. Wáyà tó yẹ kó fara kan irin àpótí, kí irin náà lè máa gba ariwo dúró, orí ọ̀dà ló jókòó sí. Kò kan irin rárá. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, kò ju ojú èékánná lọ, mo dè é padà. Ariwo náà kú pátápátá. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni ojú Délé wá sí mi lọ́kàn, mo sì pa àpótí náà dé.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì. Mo ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n bí ìsìn ṣe lọ láìsí ariwo ni ìyá kan dìde, ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti tú àṣírí ẹni tó ń dà wá láàmú. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo ro ohun tí wọ́n máa sọ: a kúkú sọ pé obìnrin ò lè ṣe é. Èmi náà bá wọn pàtẹ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni Délé wá sílé wa. Ó kó gbogbo wáyà rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, ó mú ìwé àti bírò dání. Ó kúnlẹ̀, ọkùnrin tó bímọ méjì. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣẹ́ẹ̀kì wọn, kí ẹ fi ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe hàn mí. Mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ síbòmíràn. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò bú mi nínú ìjọ yẹn.” Mo ní kó dìde, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbó lójú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ìkankan nínú wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè jẹun. Bí mo bá sọ fún ìgbìmọ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ló ti máa gbọ́ pé èmi ni. Bí mo bá sọ fún òun nìkan, ẹ̀yìn náà ló ṣì máa jókòó sí. Ọ̀la ló ní òun ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kó wá kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ dákun, tó bá jókòó tó sì ṣí bírò, kí ni kí n ní kó kọ?