Sáfà Tí Mo Pa Lọ́jọ́ Ìsìnkú Ìyá Àǹtí Wùnmí

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ mọ́. Mo ń lọ síṣẹ́ o, mò ń wọ aṣọ nọ́ọ̀sì mi, mò ń bá àwọn aláìsàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí mo bá ti jókòó sínú mọ́tò lẹ́yìn iṣẹ́, ẹkún ni. Ẹ má wulẹ̀ pè mí ní òmùgọ̀, mo ti pe ara mi bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ọmọ ìyá méjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọdún tó kọjá, èmi ni mo wà nídìí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Èmi yìí náà ni wọ́n tún ń bẹ̀ pé kí n bá wọn làjà. Ẹ gbà mí o!

Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, ẹni tó yẹ kó wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú pa fóònù ẹ̀. Àǹtí Wùnmí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n gbọ́ tí mò ń sunkún ní Yorùbá, wọ́n dúró, wọ́n sì gbé mi lọ sílé wọn ní Glenarden. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé nínú básímẹ́ǹtì wọn. Àwọn ni wọ́n ń fi mọ́tò gbé mi lọ síléèwé nọ́ọ̀sì, nínú yìnyín, nínú òjò, wọn ò sì fi í yangàn rí. Ìṣòro tiwọn ni pé ìwé ìgbélùú wọn ò tíì jáde. Tí wọ́n bá fi ìlú yìí sílẹ̀, wọn ò ní lè padà wọlé. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí wọ́n ti fojú kan ìyá wọn kẹ́yìn. Nígbà tí Màmá wá kú ní Ìṣẹ́yìn lọ́dún tó kọjá, a mọ̀ pé inú fídíò ni wọ́n ti máa sin ín.

Àwa nọ́ọ̀sì tó tún lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ ní àdúgbò wa, èmi náà wà lára wọn. Mo rẹ́ǹtì sáfà kan. Ẹni tí kò bá mọ sáfà, kó fi wé yàrá kan nínú ilé oníyàrá púpọ̀: kọ̀ǹpútà ńlá kan wà níbì kan, wọ́n pín in sí wẹ́wẹ́, kálukú rẹ́ǹtì tiẹ̀. Tí yàrá bá kéré tí èrò sì pọ̀, kò ní séèémí. Orí tèmi ni mo ti ń fi ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wa han àwọn tí kò lè wá. Àǹtí Wùnmí ò fẹ́ kí òkú ìyá wọn wà lórí ìkànnì tí gbogbo ayé ń wò. Wọ́n ní, "Ayé le, àbúrò mi. Tìẹ ni mo fẹ́." A ṣètò ẹ̀ pé Káyọ̀dé, àbúrò wọn kan ṣoṣo, á gbé fóònù dání níbi ìsìnkú ní Ìṣẹ́yìn, àwòrán náà á gba orí sáfà mi, ẹbí nìkan ló sì máa rí i.

Ilé iṣẹ́ tó ni sáfà náà ti ń kọ íméèlì sí mi pé pláànù mi ti kéré, kí n bọ́ sí èyí tó tóbi. Lọ́jọ́rú, Àǹtí bi mí pé, "Ṣé èrò ò ní pọ̀ jù fún nǹkan tìẹ yìí? Ẹbí wa pọ̀ o." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, mo mọ ohun tí mò ń ṣe." Mo ní màá ṣe é lọ́jọ́bọ̀, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ wákàtí méjìlá. Mo ní màá ṣe é ní Fúráìdé, mo sùn lọ. Wọ́n ní kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ ọ́n rìn kí orí ẹ̀ má mì. Ìgbéraga mi sọ fún mi pé tèmi kì í mì.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé la ti jókòó ní pálọ̀ wọn, torí aago mọ́kànlá ni ìsìn bẹ̀rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Àǹtí wọ ìró àti bùbá funfun. Wọ́n ti wa iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn sínú abọ́ kékeré kan, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀. Wọ́n ní tí Káyọ̀dé bá ń da iyẹ̀pẹ̀ sí Màmá lára lọ́hùn-ún, àwọn náà á máa dà á níhìn-ín, kí Màmá lè mọ̀ pé àkọ́bí òun wà níbẹ̀. Bí ìwàásù ṣe bẹ̀rẹ̀ ni èrò ya dé sórí sáfà láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Texas, láti Canada. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í dúró gbagidi. Pásítọ̀ á la ẹnu, kò ní pa á dé.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwa Yorùbá. Ẹ sọ fún mi, ìsìnkú wo lẹ lọ rí tó yá? Mo ṣírò ẹ̀: ìwàásù á gùn, wọ́n á gba ọrẹ, àna á sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ ìyá á sọ̀rọ̀, ó kéré tán wákàtí kan kí wọ́n tó gbé pósí. Ojú ìwé ilé iṣẹ́ sáfà sọ pé tí mo bá fẹ́ pláànù ńlá, sáfà máa kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mi ò sọ fún Àǹtí. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ojú tẹlifíṣọ̀n tí à ń wò ṣókùnkùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, ogún. Ilé iṣẹ́ sáfà ní láti kó gbogbo ẹrù yàrá àtijọ́ lọ sínú tuntun, bẹ́ẹ̀ fídíò ìsìn ọdún mẹ́rin wà níbẹ̀ tí mi ò pa rẹ́. Kò sì sí bí mo ṣe lè dá a dúró láàárín. Káyọ̀dé pè mí. Mo da fóònù mi délẹ̀. Ó pè mí nígbà méje. Àǹtí ní, "Ṣé ká kúkú fi fóònù lásán pè é?" Mo ní rárá, pé ó máa ba èyí jẹ́, pé ó ti ń bọ̀. "Ṣé wọn ò tíì gbé e?" Mo ní, "Wọn ò tíì gbé e, ma. Ìwàásù ni wọ́n ṣì ń ṣe." Ta ló sọ fún mi?

Òjò ló ṣú ní Ìṣẹ́yìn. Pásítọ̀ ní kò sí ọ̀rọ̀ sísọ, kí wọ́n gbé Màmá kó tó rọ̀. Nígbà tí àwòrán fi máa padà, lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ọkùnrin méjì tó gbé ṣọ́bìrì là ń wò. Wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ nínú òjò. Ọwọ́ Àǹtí ṣì wà nínú abọ́ iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n wo àwòrán yẹn títí, wọ́n wá figbe ta, "Màmá mi! Ẹ ò dúró dè mí!" Mo ti gbọ́ igbe òkú lẹ́nu iṣẹ́ mi, mi ò gbọ́ irú èyí rí.

Wọ́n kọjú sí mi. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ Káyọ̀dé ni." Gbólóhùn kan péré! Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Lójú mi ni wọ́n ṣe pe Káyọ̀dé. "Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo rán ẹ, Káyọ̀dé! Ọ̀kan ṣoṣo!" Ó ń búra pé fóònù òun dáa, pé ọ̀dọ̀ wa ni ìṣòro wà. Àǹtí wò mí pé ṣé òótọ́ ló ń sọ. Mo mi orí pé rárá. Ẹ̀yin èèyàn mi, Káyọ̀dé fúnra ẹ̀ ò rí ìyá ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yìn èrò ló lóṣòó sí, tó ń bá fóònù jà, tó ń pè mí. Ìgbà tó fi máa gbójú sókè, wọ́n ti bá a da iyẹ̀pẹ̀ tiẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Àǹtí ò gbé ìpè ẹ̀ mọ́. Ìyàwó ẹ̀ bímọ obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Yétúndé, Àǹtí ò fún ọmọ lórúkọ kankan. Èmi ni Káyọ̀dé wá ń pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bóyá mo tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀ lóòótọ́. Mi ò gbọ́n, ẹ ní kí wọ́n dárí jì mí." Ó ti gbà pé òun ló ṣe é! Mo sì máa ń dá a lóhùn pé kó fara balẹ̀, pé màá bá a sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wí, mo gbé Àǹtí lọ sí ọsibítù. Àwọn dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún wọn. Wọ́n fún wọn ní fọ́ọ̀mù pé ta ni mọ̀lẹ́bí wọn tó sún mọ́ wọn jù, tó lè sọ̀rọ̀ fún wọn bí wọn ò bá lè sọ̀rọ̀. Orúkọ Káyọ̀dé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àǹtí fi bírò pa á rẹ́, wọ́n kọ tèmi. Wọ́n ní, "Mi ò lẹ́lòmíì mọ́, àbúrò mi. Ìwọ lo dúró tì mí lọ́jọ́ tí mo sin ìyá mi." Mo gba bírò, mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí irú ìròyìn yìí lè ṣe fún ọkàn tó ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, tí wọn ò bá jí ńkọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe máa bínú sí àbúrò wọn wọ inú ilẹ̀ nìyẹn, lórí ohun tí kò ṣe? Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣìṣe rí, kí ni kí n ṣe? Káyọ̀dé tún pè láàárọ̀ yìí. Ó ti gbọ́ pé ara Àǹtí ò yá. Ó bi mí bóyá wọ́n máa ń dárúkọ òun. Mo ní, "Lójoojúmọ́."