Ìpè tí N Kò Pè àti Ògiri tí Gbogbo Wa Kùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà láyà mi tó ti ń ta mí bí ẹ̀gún láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé àwọn ará àdúgbò wa ní Mowe fẹ́ ya ojú mi sára ògiri kan, wọ́n ní èmi ni mo jẹ́ kí ògiri náà ṣeé ṣe. Òótọ́ ni, èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é kí ẹ tó bá wọn pàtẹ́wọ́ fún mi.

Télọ̀ ni mí. Ọmọ Ìkìrun ni mí, iṣẹ́ ọkọ mi ní Èkó ló gbé wa dé Mowe. Ìyá Bọ́lá ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ògiri gígùn kan tó yí ilẹ̀ Alájì kan ká. Jámánì ni Alájì yìí ń gbé. Wọn ò tíì kọ́ nǹkan kan sórí ilẹ̀ náà ju yàrá kan lọ lẹ́bàá géètì. Inú yàrá yẹn ni Bàbá Ràímì ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, àgbàlagbà ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ń bá Alájì ṣọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ni gbogbo àdúgbò ń da pàǹtí sí. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọkùnrin ti ń tọ̀. Bí oníbàárà bá wá gba aṣọ lọ́wọ́ mi, á fi ìborùn bo imú kó tó wọlé. Ilé tuntun ń yọ bí olú nígbà náà, ṣùgbọ́n a ò mọ ara wa. Onílé kì í kí ayálégbé. Àwọn ìdílé tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé kì í bá àwa àtọ̀húnrìnwá sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò sí obìnrin tó fẹ́ dá gba ibi ògiri yẹn kọjá.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé wa, Mísì Tósìn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní àwòrán yíyà. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń wo ògiri náà.

Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ jẹ́ ká kun ògiri yìí. Kì í ṣe èmi nìkan o, gbogbo wa ni. Kí kálukú ya ohun tó jẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó ń da pàǹtí síwájú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Èmi àti ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ẹ ò lè gbàgbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe gbà á. Ilé kíkọ́ pọ̀ ládùúgbò, kò sí ẹni tí kò ní ọ̀dà tó ṣẹ́ kù sínú ike. Ẹni tó ní funfun mú funfun wá, ẹni tó ní àwọ̀ ewé mú un wá. Àní ìyàwó pásítọ̀ àti Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ti ń bára wọn jà lórí gọ́tà, àwọn méjèèjì ló ní àwọn á wá.

Bàbá Ràímì nìkan ló kù. Wọ́n fetí sí wa dáadáa. Wọ́n ní, "Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ògiri yìí kì í ṣe tèmi. Ìyá Bọ́lá, ìwọ lo ní fóònù. Gba nọ́ńbà yìí, kí o bá wa pe Alájì. Bí wọ́n bá ti ní ó yá, èmi ni màá kọ́kọ́ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà."

Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, èmi nìkan ni mo ní i lójú ọ̀nà wa. Mo pe nọ́ńbà náà. Kò lọ. Mo tún pè é. Ohùn òyìnbó kan ló ń sọ ohun tí kò yé mi. Mo ní màá tún gbìyànjú, iṣẹ́ aṣọ sì gbà mí lọ́kàn.

Nígbà tó di Sátidé ìmọ́tótó ìparí oṣù, gbogbo èèyàn jáde. Wọ́n kó pàǹtí ibẹ̀ kúrò, wọ́n fọ ògiri. Ike ọ̀dà tò lọ rẹrẹ. Àwọn ọmọdé ti yí ṣòkòtò sókè. Ni Bàbá Ràímì bá dúró síwájú ògiri, wọ́n ní, "Ìyá Bọ́lá, kí ni Alájì wí?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Mo wo àwọn èèyàn tí wọn kì í kíra wọn, tí wọ́n wá dúró pọ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè padà sílé lọ́jọ́ yẹn, wọn ò ní jáde mọ́. Mo tún ń tijú, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n báyìí, kí ẹ fetí ara yín gbọ́." Mo yọ fóònù, mo tẹ nǹkan kan, mo gbé e sétí. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé sà. Alájì, Ìyá Bọ́lá ni, láti Mowe." Mo dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀. Mo tẹ eékún díẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà. "Ẹ ṣeun sà. A ò ní bà á jẹ́ sà. Ọlọ́run á bù sí i fún yín."

Ariwo ayọ̀ sọ. Bàbá Ràímì ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà bí wọ́n ṣe ṣèlérí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tìdí irọ́ yẹn yọ, nítorí pé títí di òní, orí mi ń wú bí mo bá rántí. Mísì Tósìn ò ya nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ńṣe ló kàn ń fa ìlà, tó ń fi hàn wá bí a ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Bíríkìlà ya ilé alájà tó ń fẹ́ kọ́. Fọkanáísà ya táyà. Èmi ya ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó sì dà bí adìẹ tó ń jẹun, gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá Ràímì ya òkè ìlú wọn. Ìyàwó pásítọ̀ àti Ìyá Ìbejì pín ike ọ̀dà kan náà lò, kí a tó mọ̀, wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ náà, bàbá arúgbó kan láti inú ìdílé àwọn onílẹ̀ wá dúró tì wá. Kò bá wa ṣèpàdé rí. Ó ní odò kan wà níbi tí a dúró sí yìí nígbà èwe òun, pé ẹja ni àwọn ń pa níbẹ̀. Mísì Tósìn fún un ní ọ̀dà aláwọ̀ aró. Bàbá náà fa odò náà láti ìpẹ̀kun ògiri dé ìpẹ̀kun. A sì to gbogbo ohun tí a yà sétí odò yẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò da pàǹtí síbẹ̀ mọ́. Àwọn tó jọ kun ògiri ló tún jọ la gọ́tà. Obìnrin kan gbé àkàrà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn bàbá gbé ayò síbẹ̀, ni ẹ̀rù ibẹ̀ bá kúrò lọ́kàn wa. Àwọn ọlọ́kadà fún ibẹ̀ lórúkọ: bí ẹ bá ti ní "Ògiri Aláràbarà", wọ́n á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Àwọn èèyàn Magboro wá wò ó, àwọn Ibafo wá kọ́ bí a ṣe ṣe é. Àwa tí a ò mọ orúkọ ara wa tẹ́lẹ̀ wá ń sin òkú ara wa, a sì ń sọ ọmọ ara wa lórúkọ. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga: ó wà lára ohun tó dára jù tí mo bá wọn ṣe láyé mi.

Ibi tó dùn mí nìyí. Nígbà ọyẹ́, Alájì dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn.

"Ta ló ní kí ẹ sọ ògiri mi di báyìí?"

Bàbá Ràímì ní, "Alájì, ẹ̀yin náà ni. Ìyá Bọ́lá pè yín níṣojú gbogbo wa, ẹ sì ní kò burú."

"Èmi? Ẹnikẹ́ni ò pè mí! O ti gbowó lọ́wọ́ wọn ni. O ti ta ògiri mi!"

Ìyá Ràímì, ìyàwó wọn, sáré kọjá wá bá mi. Wọ́n ní, "Ìyá Bọ́lá, jọ̀ọ́, wá bá wa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀." Mo ní, "Mò ń bọ̀ Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kan rán ẹsẹ̀ aṣọ yìí tán." Bí wọ́n ṣe yíjú padà, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo wọkọ̀ lọ sí Ibafo, mo ní mo fẹ́ lọ ra òwú. Òwú kún inú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo fi padà dé, Alájì ti lé Bàbá Ràímì àti ìyàwó wọn, wọ́n ti kó ẹrù wọn lọ. Alága àdúgbò àti àwọn àgbà ti dọ̀bálẹ̀ fún Alájì, wọ́n ti bẹ̀ wọ́n títí inú wọn fi rọ̀. Nígbà tí Alájì rí i bí àwọn èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń pè wọ́n ní baba àdúgbò, wọ́n fi ògiri sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ìtàn tó dúró sílẹ̀ ni pé Bàbá Ràímì gbowó ẹ̀yìn, pé nọ́ńbà ẹlòmíì ni wọ́n fún mi pè. Àwọn tí wọ́n jọ kun ògiri ló ń sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá bi mí léèrè, mo máa ń ní, "Èmi pe Alájì o, bóyá wọ́n gbàgbé ni." Bẹ́ẹ̀ ni mo fi irọ́ kejì bo ti àkọ́kọ́.

Ní báyìí, ọ̀dà ògiri ti ń ṣí, a fẹ́ tún un kùn. Ìpàdé fẹnu kò pé kí wọ́n ya Alájì àti èmi sáàárín. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni oníbàárà mi kan tó ń gbé Ifo ń sọ pé bàbá kan wà níbi ìlagi ládùúgbò àwọn, pé kò ní ọ̀rọ̀ méjì ju ọ̀rọ̀ ògiri kan ní Mowe lọ. Mo lọ.

Bàbá Ràímì ni. Wọ́n ti gbó, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n ń pariwo, "Ìyá Bọ́lá! Ìyá Bọ́lá mi!" Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ síbi ilé kéwú kan lẹ́yìn ìlagi. Gbogbo ògiri rẹ̀ ló kún fún àwòrán. Àwọn lagilagi, àwọn ọmọ kéwú, àwọn ìyá wọn, gbogbo wọn ni Bàbá kó jọ láti kùn ún. Mo tún rí i níbẹ̀, ohun tí a ṣe ní Mowe, ó ti bímọ sí Ifo.

Wọ́n wá pe àwọn èèyàn jọ. Wọ́n ní, "Ẹ wá wò ó, obìnrin tí mo ń sọ nìyí. Níṣojú mi ló pe Alájì. Alájì ló gbàgbé. Mi ò bínú sí wọn, ọ̀rọ̀ pọ̀ létí olówó."

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n rò pé ìkíni lásán ni.

Ìyá Ràímì ló sìn mí dé títì. Nígbà tó yá, mo ní, "Ìyá, mo ní nǹkan kan láti sọ." Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ ni mò ń wò nígbà tí o gbé fóònù yẹn sétí. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà."

Mo ní, "Ẹ ò sì sọ fún Bàbá?"

"Kí n sọ fún wọn pé wọ́n pàdánù ilé nítorí irọ́ aládùúgbò tí wọ́n fẹ́ràn? Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín." Wọ́n dúró. "Má wá jẹ́wọ́ fún mi nínú Ifo níbí. Mowe ni wọ́n ti ba orúkọ ọkọ mi jẹ́. Ibẹ̀ ni kí o ti lọ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ìwọ fúnra rẹ wá sọ fún wọn."

Mo sọ fún Alága nígbà tí mo dé. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ gbẹ́nu dákẹ́. Bí Alájì bá gbọ́ pé a fi irọ́ gba ògiri wọn, wọ́n lè wó o. Ṣé nítorí ẹnì kan la ó fi pàdánù ohun gbogbo wa?" Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti sọ fún Mísì Tósìn pé kó má ya ojú mi. Kò mọ ìdí. Ìpàdé ń bọ̀ lópin oṣù, Alájì fúnra wọn á wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ògiri yẹn bí ọmọ inú mi. Ṣé kí n dìde láàárín wọn kí n sọ ọ́, bó bá wó, kó wó? Àbí kí n lọ bá Alájì níkọ̀kọ̀ ná, kí n bẹ̀ wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí ẹ bá sì wà lára àwọn tó pe Bàbá Ràímì lólè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, èmi ni mo mú yín ṣẹ̀ wọ́n.

Ẹ má ṣáà sọ pé kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi í sílẹ̀ fún Un. Ojoojúmọ́ ló ń dá a padà fún mi.